Etí Ìyá Raudah

Ìró tí Husseinat kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ìró tírélà ní ìdájí. Ilé wọn ní Ṣàngó kò jìnnà sí ọ̀nà Jẹ́bbà, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ tó bá ń ti Sókótó bọ̀ máa ń gbà wọ Ìlọrin. Ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ máa kùn lọ́nà jíjìn bí oyin inú ihò igi. Bí ó bá dé ibi tí ilẹ̀ ti gòkè, dírẹ́bà á yí jíà, ẹ́ńjìnnì á ké, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Jímọ́ọ̀, bàbá rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà, á na ìka kan sókè lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wúkọ́. Nígbà tí ìró náà bá kọjá tán, bàbá á sọ gbólóhùn kan péré: "Ó wúwo." Tàbí kó sọ pé, "Ó fúyẹ́."

Bí ọkọ̀ bá wúwo, á sáré lọ ta èyí tó wà nílẹ̀ kí àlùbọ́sà tuntun tó dé já ọjà wálẹ̀. Bí ó bá fúyẹ́, á jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, á jẹ́ kí àwọn oníbàárà máa wá òun kiri. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ní ó lo oògùn. Oògùn kankan kò sí níbẹ̀. Etí ló lò.

Nínú àwọn ọmọ Jímọ́ọ̀, kò sí ẹni tó jogún àlùbọ́sà. Husseinat jogún etí.

Híjáàbù ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣàngó kan náà, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan ló gba gbogbo inú rẹ̀ tán. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Opó ni, Raudah sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Raudah. Bí ènìyàn bá rí i lẹ́nu iṣẹ́, yóò rò pé aṣọ nìkan ló ń wò. Obìnrin tó bá mú híjáàbù wá fún àtúnṣe kò mọ̀ pé ìròyìn lòun mú wá. Nígbà tí ẹnì kan ní rọ́bà abẹ́ àgbọ̀n ń fún òun lọ́rùn, Husseinat tú u fún un, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹlòmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ó tú rọ́bà kúrò nínú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ó fi okùn sí i. Kí àwọn aránṣọ yòókù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, okùn ti gba ìgboro.

Ó ní etí mìíràn ní Ọ̀fà Garage. Àhmádù, dírẹ́bà tó máa ń bá a gbé ẹrù lọ sí Ọ̀fà, ni etí náà. Husseinat á gbé omi tútù fún un, á dúró ti fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, á máa bi í ní ohun tí àwọn obìnrin tó gbé lánàá dì mọ́rí.

"Ìyá Raudah," ni Àhmádù á wí, "ṣé ojú ọ̀nà ni kí n máa wò ni, àbí orí obìnrin? Bí ìyàwó mi bá gbọ́, ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi bẹ̀ ẹ́ o."

"Màá bẹ̀ ẹ́. Dúdú ni wọ́n wé, àbí aláwọ̀ kọfí?"

"Aláwọ̀ kọfí pọ̀. Ẹ wò ó, ẹ ti bà mí jẹ́. Mi ò mọ ojú èrò mọ́, híjáàbù ni mo mọ̀."

Etí kẹta ni èyí tí kì í fẹ́ dárúkọ. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin àdúgbò máa ń pé jọ sí mọ́ṣáláṣí fún àsálátù. Bí wọ́n bá ti tọrọ ìkẹ́ fún Ànábì tán, ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn á gbé sàárà síwájú Àfáà, á sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n bá òun tọrọ. Ọmọ ẹnì kan fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn Iléyá. Ọkọ ẹnì kan ti rí ààyè Mẹ́kà. Ọmọ ọmọ ẹnì kan ti fẹ́ parí Àlùkùránì, wọ́n sì fẹ́ ṣe wòlímọ́tù fún un. Gbogbo obìnrin á ṣe àmín. Husseinat náà á ṣe àmín, tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí ètè rẹ̀ tó pa dé lórí àmín náà, ọkàn rẹ̀ á ti máa gé aṣọ. Funfun fún èrò Mẹ́kà. Aláwọ̀ búlúù fún àwọn ọmọbìnrin oníwòlímọ́tù. Nígbà tí ìyá ọmọ bá wá bá a lọ́sẹ̀ kejì, aṣọ ti wà nílẹ̀.

"Háà, Ìyá Raudah, ta ló sọ fún yín?"

"Ọlọ́run ló sọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bínú sí i rí. Ó kàn jẹ́ pé nígbà míì, tó bá ń padà bọ̀ láti ibẹ̀, á máa wò ó pé òun kò rántí ohun kan tí òun tọrọ fún ara òun.

Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ìsinmi kì í sí. Ẹni tó ń fetí jẹun kò lè sọ pé òun ti gbọ́ tó. Abdulfattah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, ti ra ẹ̀rọ kan tó ń fúnra rẹ̀ kọ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí fóònù ló ti ń wo ohun tí àwọn obìnrin ń wọ̀ ní Dùbáì, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, irú rẹ̀ ti wà lórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí Husseinat ti gé aṣọ wọn tán. Aṣọ náà di kọ́tìnnì, kọ́tìnnì di aṣọ ìnulẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Husseinat bá ń nulẹ̀, aṣọ náà ló ń rí. Ó pinnu pé ìròyìn kò ní í bá òun lójijì mọ́.

Iléèwé kan ṣoṣo ló kù fún un, iléèwé Ummu-Kulthum.

Òun àti Ummu-Kulthum jọ kọ́ wàláà ní kéwú kan náà, wọ́n jọ jẹ ẹgba àfáà kan náà. Nígbà tí Ummu-Kulthum fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, ó sọ ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ di iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Híjáàbù aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ jẹ́ funfun ni àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń wọ̀, Husseinat ló sì ń rán an láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Bí ọlidé gígùn bá ti dé, aṣọ àwọ̀ ewé yẹn ló máa ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró títí ọdún á fi yí. Bí iléèwé náà bá lọ, ṣọ́ọ̀bù náà ń tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì mọ̀, wọn kì í sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ògọ́sì, òjò ń rọ̀ nígbà tí àsálátù parí. Àwọn obìnrin sáré lọ. Husseinat ń ká ẹní rẹ̀ lẹ́yìn òpó nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Àfáà, ohùn tó rẹlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìró òjò lọ.

"Àfáà, ẹ bá mi ṣe ìsìtìhárà. Lórí iléèwé yìí ni. Bóyá kí n tì í, bóyá kí n máa bá a lọ. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

"Àmánà ni," ni Àfáà dáhùn. "Láàárín wa ni yóò wà. Ọlọ́run á yan èyí tó dára jù fún yín."

Husseinat dúró lẹ́yìn òpó títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àdúà. Lẹ́yìn náà ló gbé sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọ inú òjò lọ láìbo orí.

Ìsìtìhárà kì í ṣe ìpinnu. Ó mọ̀. Ẹni tí ọ̀nà méjì bá wà níwájú rẹ̀ ló ń ní kí Ọlọ́run yan ọ̀kan fún òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹlẹ́sìn ló ṣe ń rò ó bó ti ń fẹsẹ̀ tẹ omi lọ. Bí oníṣòwò ló ń rò ó. Ta ló ní iléèwé tó ń lọ déédéé tí yóò máa bi Ọlọ́run bóyá kí òun tì í? Ẹni tó bá ti ń béèrè ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì. Iléèwé ńlá kan ti ṣí ní ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé ọmọ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, olùkọ́ Ummu-Kulthum kan sì ti lọ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ó yẹ kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kó kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kó sì ní, "Ùmù, kí ló dé?" Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè, ó ní láti sọ ibi tó ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á sì fa èyí tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí jáde, gbogbo àdúà tó ti fi gé aṣọ. Kò lọ.

Láti ìgbà náà ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á gbé àlùmọ́gàjí, á tún gbé e sílẹ̀. Á jáde síta bí ẹni pé ẹnì kan pè é. Ó gba iwájú iléèwé Ummu-Kulthum kọjá láìní nǹkan tó ń lọ ṣe lọ́nà ibẹ̀, ó wò ó bóyá pátákó wọn ṣì wà lórí ògiri. Pátákó wà. Ó wò ó bóyá wọ́n ti kun ilé fún sáà tuntun. Wọn kò kùn ún. Ó padà sílé, kò mọ èwo ni kó gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ara rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage.

"Ìyá Raudah, ẹrù dà?" ni Àhmádù béèrè.

"Kò sí ẹrù. Mo ní kí n yà wá kí ọ ni."

"Ẹ yà wá kí mi?" Àhmádù yọjú síta látinú ọkọ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé mo ti kú?"

Àwọn dírẹ́bà tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Husseinat náà rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ nǹkan kan tó wúlò níbẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó yá, ó ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ìbá ṣe. Ó kọrí sọ́dọ̀ Aishah, ìyá àgbà tó ń ta aṣọ, tó máa ń bá a kó aṣọ àwọ̀ ewé náà láti Kánò lọ́dọọdún. Aṣọ ti dé, ó wà nínú àpò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Àlájà, ẹ jẹ́ kí ti àwọ̀ ewé yẹn dúró ná."

"Kó dúró?" Aishah yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Iléèwé máa tó wọlé kẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ó dúró ná."

"Ṣé ẹ rí èyí tó dáa ju tèmi lọ níbòmíràn ni? Ẹ sọ, mi ò ní í bínú. Mo kàn máa ṣépè fún onítọ̀hún díẹ̀ ni."

"Rárá o, Àlájà."

"Àbí ọmọ Challenge yẹn ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín?"

"Kò gbà á."

"Ẹn-hẹ́n." Aishah wò ó bí ó ti máa ń wo aṣọ tí wọ́n gbé wá bá a, bí ẹni tó fẹ́ yí i padà kó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì wà ní iléèwé Ummu-Kulthum. Husseinat kò rántí. Ọkàn rẹ̀ wà lórí aṣọ.

Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ara fífúyẹ́. Ó ra aṣọ dúdú àti aláwọ̀ kọfí, ó gé e, ó rán an. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun ti ṣẹ́gun. Kò tú àmánà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn yẹra kúrò lójú ọ̀nà kí ohun tó ń bọ̀ má baà gbá òun ni.

Raudah ló mú ìròyìn náà wá. Òun ló ń bójú tó títa híjáàbù lórí fóònù, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn òbí iléèwé náà nítorí ibẹ̀ ló ti ń gba ìwọ̀n orí àwọn ọmọ. Ọmọ tó máa ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín ni. Ọjọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gbọ́ èyí."

Ohùn obìnrin kan jáde látinú fóònù náà, ohùn ẹni tí Husseinat kò mọ̀ rí. "Ẹ̀yin ìyá, mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rán híjáàbù iléèwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ní kí wọ́n dá aṣọ dúró. Ìyá Raudah kì í ṣe nǹkan lásán, gbogbo Ṣàngó ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí i tó ń sá, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó ń lé e. Èmi ti lọ gba fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ."

Lábẹ́ rẹ̀ ni èsì àwọn yòókù wà. Raudah kà á fún un. Ẹnì kan ní òun ti fura tipẹ́. Ẹnì kan ní ọ̀rẹ́ ìyá oníléèwé ni aránṣọ náà kẹ̀. Ẹnì kan sì kọ ọ́ pé: "Bí ọ̀rẹ́ bá ti sá, kí ni àlejò ń dúró ṣe?"

Husseinat jókòó sórí aṣọ tó ń rán. "Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò sọ ọ́ lóòótọ́, Màmá. Ọwọ́ yín ló sọ ọ́."

Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ti rò pé òun nìkan ló ń gbọ́, pé àwọn yòókù kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni. Kò tíì wá sí i lọ́kàn rí pé ẹni tí kò gbọ́ ìró tírélà lè máa wo ẹsẹ̀ Jímọ́ọ̀. Bí àwọn ará ọjà bá rí i tó ń sáré ní ìdájí, ta ní wá nílò etí? Wọ́n á sáré tẹ̀lé e. Bóyá bí ọjà ṣe máa ń já nìyẹn, kí àlùbọ́sà kankan tó sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ pé irọ́ ni," ni Raudah wí.

"Má kọ ọ́. Kì í ṣe irọ́."

Ummu-Kulthum wá ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìrun àìlà. Ó pa agbòjò rẹ̀ dé lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ̀n ọ́n, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí.

"Ìyá Raudah, ẹ kú iṣẹ́."

"Ùmù, èwo ni 'ẹ' láàárín wa?"

"Oníbàárà ni mí. Mo wá wo ibi tí aṣọ àwọn ọmọ mi dé."

Husseinat kò lè gbójú sókè. Ó na ọwọ́ mú òwú kan tó jábọ́ sílẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìka. "Mo wà lẹ́yìn òpó lọ́jọ́ náà," ló wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Mo rí sálúbàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó lọ bá Àfáà." Ohùn Ummu-Kulthum kò ga. "Mo ní, bí etí kan yóò bá gbọ́ ọ, kó jẹ́ etí tìẹ. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ sọ fún, ẹnu ló wúwo. Mo wá ní o ti gbọ́ báyìí, o máa wá. Mo se ọbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo bu tìẹ sọ́tọ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ní ìwọ ni."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ lórí páánù. Raudah dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi, ó sì jáde.

"Kí ni ìsìtìhárà sọ?" ni Husseinat béèrè.

"Àfáà ní kí n má tì í. Èmi náà kírun sí i, mo sùn, mo jí, ọkàn mi gbé e. Mo ti bá tíṣà tuntun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, àwọn òbí ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn wá gba ìwé ọmọ àwọn. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bi aránṣọ mi."

"Ùmù, mi ò tú ọ̀rọ̀ rẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò tú u. Mùnáfíkì ló ń tú ọ̀rọ̀, mi ò pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ, o gbé e mì, o wá sá fún mi bí ẹni pé ilé mi ń jó." Ó fọwọ́ kan aṣọ aláwọ̀ kọfí tó wà lórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ojú rírán rẹ̀. "Èyí dáa. Ọwọ́ rẹ dáa. Ó ti dáa láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé o ṣì máa ṣí iléèwé náà?"

"Bí ọmọ kan ṣoṣo bá wá, màá ṣí i fún un."

"Nígbà náà, màá rán an."

"Wàá rán an fún ta?"

Ummu-Kulthum ṣí agbòjò rẹ̀, ó sì lọ.

Kí òjò tó dá, Husseinat ti wà lọ́dọ̀ Aishah.

"Àlájà, mo wá kó aṣọ àwọ̀ ewé. Gbogbo rẹ̀."

Aishah tún yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ tún gbọ́ nǹkan mìíràn."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Irọ́. Ẹ̀yin?"

"Àlájà, mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ iye ọmọ tó máa wá. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni máa wá. Mo ṣe àṣìṣe nígbà tí mo ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ bá sọ ti àkọ́kọ́ fún, ẹ bá mi sọ èyí náà fún un."

"Ta ni mo sọ fún? Èmi tí kì í sọ̀rọ̀!" Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Aishah sì bojú wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó wọ́ àpò náà jáde fúnra rẹ̀.

Husseinat gbé ẹ̀rọ kan síta, sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí àwọn ìyá ọmọ ń gbà lọ sọ́jà. Kò rán aṣọ níta rí. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Báyìí, ó na okùn láti ara òpó kan sí èkejì, èyí tó bá rán tán, á fi kọ́ síbẹ̀, títí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà fi dà bí ọgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn èèyàn ń dúró.

"Ìyá Raudah, wọn ò tì í mọ́ ni?"

"Ẹ lọ bi Ummu-Kulthum. Èmi ń ránṣọ."

"Ẹ ní ohun tí ẹ mọ̀."

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé mò ń ránṣọ."

Raudah yọ fóònù rẹ̀, ó ya àwòrán okùn náà. "Màmá, kí n kọ kí ni sí i?"

"Má kọ nǹkan kan. Jẹ́ kí wọ́n wò ó."

Kì í ṣe ọgbọ́n ọjà. Tàbí bóyá ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, ìyẹn sì ń dùn ún. Ohun tó dá a lójú ni pé bí iléèwé náà bá tì, gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn yẹn á di aṣọ ìnulẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló sì mọ̀ pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan padà. Obìnrin kan wá wọn orí ọmọ rẹ̀, kò sọ ìdí tó fi lọ, kò sọ ìdí tó fi bọ̀. Aishah dá ọ̀kan nínú ọmọ ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Ummu-Kulthum, ó fi èkejì sílẹ̀ níbi oníbọ́ọ̀sì. Ó ní oníṣòwò kì í kó gbogbo aṣọ sínú àpò kan. Àwọn púpọ̀ kò padà. Ẹni tó ti sanwó níbòmíràn ti lọ nìyẹn, kò sí híjáàbù tó lè pè é bọ̀.

Ní àsálátù, Ummu-Kulthum ń jókòó sí ìhà kejì. Wọ́n ń kí ara wọn. "Ẹ" ṣì wà nínú ìkíni náà. Husseinat gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sàárà síwájú Àfáà láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó ń dìde, ó ń gbé sálúbàtà rẹ̀, ó ń lọ. Àwọn tó bá rí i rò pé ara rẹ̀ kò yá. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wòlímọ́tù ńlá kan fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Abdulfattah ló rán aṣọ wọn. Nígbà tí Raudah sọ fún un, ó ké "Háà!", ó fọwọ́ gbá itan, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kò tíì mọ́ ọn lára láti má gbọ́. Bóyá kò ní í mọ́ ọn lára láé.

Ó ku ọ̀la kí iléèwé wọlé. Ọ̀sán ni. Wọ́n ti mú iná lọ, Raudah sì ti gbé àwọn tí wọ́n ti sanwó fún lọ sílé wọn. Aṣọ àwọ̀ ewé kékeré kan ló kù lórí tábìlì, ìwọ̀n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Kò sí ẹni tó ní kó rán an. Àgékù aṣọ ló gé e lára rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, ó da etí funfun yí i ká díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtàńpàkò tẹ́ ibi tó bá fẹ́ kájọ. Ọ̀kadà ń kọjá, ẹnì kan ń pe ẹlòmíràn lódìkejì ọ̀nà, kò gbójú sókè. Nígbà tí etí náà pé, ó gé òwú, ó yí i padà sójú, ó gbọ̀n ọ́n kí ìdọ̀tí òwú lè já bọ́, ó ká a ní ìlọ́po méjì, ó sì tẹ́ ẹ sórí àwọn yòókù.